Páálí Tí Bàbá Yàn fún Aṣọ Màmá

Bàbá mi ti sọ tipẹ́ pé kò sí ẹni tó máa bá àwọn yan páálí. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni wọ́n fi ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ tó ń ṣe páálí, nídìí ẹ̀rọ tó máa ń gé e, tó sì máa ń fa ìlà síbi tí wọn yóò ti ṣẹ́ ẹ. Títí di bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí, bí wọ́n bá rí páálí lẹ́bàá ọ̀nà, wọ́n á dúró, wọ́n á fi àtàǹpàkò tẹ etí rẹ̀ wò, wọ́n á wá mirí bíi dókítà tó rí aláìsàn tí kì í lo oògùn. Bàbá Onípáálí ni gbogbo àdúgbò ń pè wọ́n, wọn kì í sì í bínú sí i.

Ohun tó fa ọ̀rọ̀ páálí ni pé Bàbá fẹ́ kó kúrò nílé. Onílé ti kú, àwọn ọmọ rẹ̀ fẹ́ ta ilé, wọ́n sì bẹ̀ wá tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ pé kí a wá ibòmíràn láàárín oṣù mẹ́ta. Ká tiẹ̀ ní wọn ò sọ bẹ́ẹ̀, orúnkún Bàbá ti sọ tiẹ̀. Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni wọ́n ń gbé, àtẹ̀gùn mẹ́rìndínlógún ló sì wà láàárín wọn àti ìta. Ọdún mẹ́rìndínlógójì ni wọ́n ti wà níbẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n ti tọ́ èmi àti àbúrò mi ọkùnrin dàgbà. Ibẹ̀ ni Màmá ti ṣàìsàn, ibẹ̀ náà ni wọ́n sì dákẹ́ sí, ó pé ọdún méjì àtààbọ̀ báyìí. Mo bá Bàbá rí yàrá méjì nísàlẹ̀ ilé kan, ní òpópónà kejì sí tèmi.

Èmi tí mo rò pé mo gbọ́n, mo ti lọ ṣa páálí jọ lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta èso àti àwọn tó ń ta ọṣẹ. Mo kó mẹ́jọ gun àtẹ̀gùn, òógùn bò mí. Bàbá jókòó sórí àga, wọ́n ní kí n máa gbé wọn wá síwájú àwọn lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ìgbà tí adájọ́ bá ń pe ẹjọ́. Ti àkọ́kọ́ ní ihò nídìí kí èso lè máa mí. Wọ́n béèrè bóyá ṣíbí ni mo fẹ́ kó sí i, kí a lè máa ṣa á lójú títì. Èkejì ti rí omi rí, ó sì ti gbẹ. Wọ́n ní páálí tó bá ti mu omi lẹ́ẹ̀kan dà bí ẹni tó ti purọ́ lẹ́ẹ̀kan, kò ṣeé fẹ̀yìn tì mọ́. Òórùn ọṣẹ kún inú ẹ̀kẹta. Wọ́n ní àwọn ò fẹ́ kí ìwé àwọn máa hó. Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe títí gbogbo mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ fi jẹ̀bi, mo sì tún kó wọn sọ̀ kalẹ̀.

Àbúrò mi, tó ń gbé ní ìlú mìíràn, pè lórí fóònù pé òun ti fi àpò ọ̀rá ńlá ránṣẹ́, èyí tó nípọn, pé kí a da gbogbo nǹkan sínú rẹ̀ ká sì máa lọ. Bàbá gba fóònù lọ́wọ́ mi.

"Ìdọ̀tí ni wọ́n ń kó sínú ọ̀rá," wọ́n ní. "Èmi ò tíì di ìdọ̀tí."

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n mú pẹ́ńsù àti kàlẹ́ńdà àtijọ́ kan tí ẹ̀yìn rẹ̀ funfun, a sì ń lọ láti yàrá dé yàrá. Iye páálí tí a máa lò ni wọ́n ń kọ. Ìwé: kékeré mẹ́sàn-án, nítorí ìwé wúwo, ẹni tó bá kó o sínú páálí ńlá ń wá ẹ̀yìn ríro fún ọmọ ọlọ́mọ. Àwo àti ife: mẹ́rin, èyí tó lágbára jù. Ìrọ̀rí àti bùláńkẹ́ẹ̀tì: ńlá mẹ́ta. Rédíò: ọ̀kan, tiẹ̀ nìkan. Nígbà tí a dé yàrá tí wọ́n ń sùn, wọ́n dúró níwájú kọ́bọ́ọ̀dù aṣọ Màmá. Kọ́kọ́rọ́ wà lára ilẹ̀kùn rẹ̀, bí Màmá ṣe máa ń fi í síbẹ̀. Bàbá ò ṣí i. Wọ́n kàn fi ojú díwọ̀n rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀, wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀: "Aṣọ ìyá wọn, mẹ́fà."

Kò sí aṣọ kankan nínú kọ́bọ́ọ̀dù yẹn.

Ó yẹ kí n sọ bó ṣe jẹ́. Lọ́dún tó kọjá, Bàbá lo ọjọ́ mọ́kànlá ní ilé ìwòsàn nígbà tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún orúnkún wọn. Àbúrò mi wálé láti bá mi tọ́jú wọn. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, a jókòó sínú yàrá yẹn, ó sì ní òun ti kíyè sí i pé gbogbo àárọ̀ ni Bàbá máa ń jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì, tí wọ́n á máa wo kọ́bọ́ọ̀dù náà láìṣí i. Ó ní egbò tí wọn ò jẹ́ kó jinná ni. Ó wò mí pé kí n sọ̀rọ̀, nítorí èmi ni àkọ́bí. Mo ní kí a kó o. A kó àpò mẹ́ta. Mo fún Ìyá Oníbúrẹ́dì tó wà ní ìkòríta ní èyí tó pọ̀ jù, nítorí ìdúró òun àti Màmá jọra. Mo fún obìnrin tó ń gbálẹ̀ ilé ìwé ní díẹ̀, ìyókù sì lọ síbi tó lọ. A ti ilẹ̀kùn, a fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀ níbi tó wà. A fẹnu kò pé bí ara Bàbá bá ti le, a ó sọ fún wọn.

Ara wọn le, a ò sọ. Ọ̀rọ̀ tí èèyàn ò bá sọ lọ́jọ́ kìíní, ó ti wúwo sí i lọ́jọ́ kejì. Nígbà tó fi máa di oṣù kẹfà, kò ṣeé gbé mọ́. Bàbá fúnra wọn sọ fún mi nígbà kan pé ọjọ́ tí ọkàn àwọn bá gbà á ni àwọn máa ṣí kọ́bọ́ọ̀dù yẹn. Mo dáhùn pé ó dáa. Ìtìjú ọ̀rọ̀ yẹn, "ó dáa," ṣì ń bá mi jà.

A lọ sí ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta ohun ìdìrù. Ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n ti ń lẹ táyà. Obìnrin tó ni ín gbé awò ojú sórí irun, ó sì ń wá awò ojú náà kiri nígbà tí a wọlé. Páálí wà níbẹ̀ ní pẹlẹbẹ, wọ́n dì wọ́n ní mẹ́wàá-mẹ́wàá, wọ́n sì tò wọ́n ti ògiri láti kékeré dé ńlá bí àwọn ọmọ ilé ìwé tó wà lórí ìlà. Téèpù wà níbẹ̀, àti okùn, àti ìwé funfun tí wọ́n fi ń wé àwo, àti ọ̀rá tó kún fún ròǹdò-ròǹdò afẹ́fẹ́ tí kò sẹ́ni tó lè rí i kí ó má fi ọwọ́ tẹ ẹyọ kan fọ́. Bàbá tẹ méjì.

Wọ́n wá tọ́ka sí ìdì kan. "Ọmọ mi, fi etí hàn mí."

Obìnrin náà fọwọ́ kan etí ara rẹ̀. Mo ṣàlàyé fún un pé etí páálí ni. Ó rẹ́rìn-ín títí ọwọ́ rẹ̀ fi kan orí, ibẹ̀ ló ti rí awò ojú.

Bàbá mú ẹyọ kan, wọ́n gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀ kí àwa méjèèjì lè rí i. Wọ́n ní páálí kì í ṣe ìwé kan ṣoṣo. Ìwé méjì ló mú ẹ̀kẹta sáàárín, èyí tó wà láàárín sì ká gọ̀ngọ̀-gọ̀ngọ̀ bíi páànù òrùlé. Èyí tó bá ní ẹsẹ̀ kan, ìyẹn ìwé kíká kan ṣoṣo láàárín, ìrọ̀rí ni kí a kó sí i. Èyí tó bá ní ẹsẹ̀ méjì, ìwé méjì mìíràn ti wọ inú rẹ̀, òun ló lè gbé àwo tánńganran. Wọ́n tún fi ìka tọ ìlà rẹ̀: bí páálí bá dìde, ìlà wọ̀nyẹn gbọ́dọ̀ dúró bí òpó. Èyí tí ìlà rẹ̀ bá dùbúlẹ̀, ẹrù á tẹ̀ ẹ́ pa. Obìnrin náà ní ọdún keje rèé tí òun ti ń ta páálí, kò sẹ́ni tó sọ èyí fún òun rí. Ó gbé àga wá fún Bàbá. Ọkọ àti ìyàwó kan, ọ̀dọ́, tí wọ́n wá ra tiwọn, sún mọ́ wa díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tí kò fẹ́ kí a mọ̀ pé àwọn ń gbọ́. Bàbá gba páálí tí ọkọ mú lọ́wọ́ rẹ̀ láìbéèrè, wọ́n sì fún un ní òmíràn.

Ó kan téèpù. Wọ́n fà á lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń tẹ́tí sí i. Wọ́n ní téèpù tó bá ń pariwo púpọ̀ kì í di nǹkan mú, àwọn mọ ọ̀gá kan tó rí bẹ́ẹ̀.

Ìyàwó ọ̀dọ́ yẹn ló béèrè bóyá iṣẹ́ páálí kì í sú èèyàn. Bàbá rẹ́rìn-ín, wọ́n sì sọ ìtàn kan tí èmi tí wọ́n bí lọ́mọ ò gbọ́ rí. Mo mọ̀ pé ibi iṣẹ́ ni wọ́n ti pàdé Màmá. Ohun tí mo mọ̀ ò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìdí ẹ̀rọ ni Bàbá wà nígbà náà. Inú gbọ̀ngàn kejì ni Màmá wà pẹ̀lú àwọn tó ń ṣẹ́ páálí, tí wọ́n sì ń fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́. Páálí tí Bàbá bá gé, ọ̀dọ̀ wọn ló ń lọ. Bàbá ò mọ bí èèyàn ṣe ń bá obìnrin sọ̀rọ̀, ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í fi pẹ́ńsù kọ̀wé sí abẹ́ ìdérí ìdí páálí, níbi tí kò sẹ́ni tó máa rí i àfi ẹni tó ń ṣẹ́ ẹ. Wọ́n kọ "ẹ káàárọ̀" sí i. Wọ́n kọ ọ́ pé òjò máa rọ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n fi ṣe bẹ́ẹ̀, Màmá á kà á, wọn ò sì sọ nǹkan kan, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ń kọjá lọ síbi oúnjẹ, wọ́n máa ń rẹ́rìn-ín sí ilẹ̀. Nígbà tó yá, Bàbá kó ara jọ, wọ́n kọ èyí tó ṣe pàtàkì jù. Bí wọ́n ṣe ń kánjú, wọn ò fi àmì kankan sórí ọ̀rọ̀, wọn ò sì fi ọ̀kan sísàlẹ̀ rẹ̀: Mo fe je oko re.

Ara Màmá ò yá lọ́jọ́ yẹn, wọn ò wá síbi iṣẹ́. Ẹlòmíràn ló ṣẹ́ páálí náà láìwò ó. Ó lọ sí ilé iṣẹ́ tó ń ṣe bisikíìtì. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, lẹ́tà dé sọ́dọ̀ ọ̀gá wọn pé ẹnì kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ kọ̀wé pé òun fẹ́ jẹ oko àwọn, pé àwọn ò ní oko, bisikíìtì nìkan ni àwọn ń ṣe. Ọ̀gá pe gbogbo òṣìṣẹ́ jọ, ó ka lẹ́tà náà, ó ní kí ẹni tó fẹ́ jẹ oko jáde. Bàbá na ọwọ́ sókè. Màmá, tí ara wọn ti yá, wá sọ̀rọ̀ láti ẹ̀yìn.

"Ẹ sọ fún un kó fi àmì sí i dáadáa," ni Màmá wí, "kí n lè mọ ohun tí mò ń dáhùn sí."

Gbogbo ṣọ́ọ̀bù bú sẹ́rìn-ín. Obìnrin tó ni ṣọ́ọ̀bù nu ojú. Bàbá ní ọ̀sẹ̀ méjì ni àwọn fi gbálẹ̀ fún ìjìyà, àwọn ò sì gbálẹ̀ tayọ̀tayọ̀ tó bẹ́ẹ̀ rí. Ibi tí a ti ń rẹ́rìn-ín ni wọ́n ti dìde, wọ́n lọ síbi páálí gíga kan tó wà ní kọ̀rọ̀, irú èyí tó ní irin tẹ́ẹ́rẹ́ lókè nínú, tí wọ́n máa ń kọ́ aṣọ sí kó má bàa rún. Wọ́n tẹ etí rẹ̀. Wọ́n ṣí i, wọ́n fa irin náà wò.

"Aṣọ ìyá wọn ni èyí máa gbà," wọ́n sọ fún obìnrin náà. "Kò fẹ́ràn kí wọ́n máa ká aṣọ òun. Fún mi ní mẹ́ta nínú èyí, àti mẹ́ta tó jẹ́ ti lásán fún bàtà àti gèlè."

Wọ́n yíjú sí mi pé ṣé ó dáa bẹ́ẹ̀. Mo sọ pé ó dáa. Ó di ìgbà kejì.

Ọjọ́ mẹ́ta ni a fi di ẹrù. Mo gba ìsinmi níbi iṣẹ́. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, a wà nílé ìdáná, Bàbá kọ́ mi pé àwo kì í dùbúlẹ̀ nínú páálí, ṣe ni wọ́n ń nà án dúró bí ìwé lórí pẹpẹ, kí èèyàn kọ́kọ́ rún ìwé játijàti sí ìdí rẹ̀. Gbogbo àwo tí mo bá gbé ní ọ̀rọ̀ tiẹ̀. Ọ̀kan wà tí àbúrò mi fi eyín ṣẹ́ létí rẹ̀ nígbà tó ń hu eyín. Kòkò kan wà tí ọwọ́ rẹ̀ jó nítorí pé Màmá gbàgbé ara wọn sórí fèrèsé níbi tí wọ́n ti ń bá aládùúgbò sọ̀rọ̀. Iṣẹ́ wákàtí kan ń gba mẹ́rin, nítorí Bàbá á gbé nǹkan dání, wọ́n á jókòó. Mo rí i pé inú wọn ń dùn. Wọ́n ń kọ orin tí mi ò gbọ́ lẹ́nu wọn láti ìgbà tí Màmá ti lọ. Orin náà ń gún mi lọ́kàn. Mo ń sọ fún ara mi pé lẹ́yìn oúnjẹ ni màá sọ ọ́. Nígbà tó yá, mo ní lẹ́yìn tí a bá di ìwé tán. Ọjọ́ kejì tún lọ.

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ á bá a. Tèmi ò tó ogún ọdún. Láàárọ̀ ọjọ́ kẹta, yàrá tí wọ́n ń sùn nìkan ló kù. Bàbá gbé páálí gíga àkọ́kọ́ dìde fúnra wọn, wọ́n ṣẹ́ ìdí rẹ̀, wọ́n fi téèpù gbà á ní ìbú àti òró, wọ́n gbé irin sókè nínú rẹ̀. Wọ́n fi ìka gbá irin náà kó dún. Wọ́n wá na ọwọ́ sí kọ́kọ́rọ́.

"Bàbá, ẹ dúró díẹ̀," mo ní. "Ẹ má tíì ṣí i. Kò sí nǹkan níbẹ̀."

Wọ́n wò mí.

"Èmi ni mo kó aṣọ Màmá kúrò. Nígbà tí ẹ wà nílé ìwòsàn ni. Mo ti fi í tọrẹ."

Mi ò dárúkọ àbúrò mi. Wọ́n yí kọ́kọ́rọ́ síbẹ̀síbẹ̀. Ilẹ̀kùn ṣí, ìkọ́ aṣọ tó wà nínú rẹ̀ ń kan ara wọn díẹ̀díẹ̀, òórùn kànfọ̀ jáde. Wọ́n wò ó láti òkè dé ìsàlẹ̀ bí wọ́n ṣe wò ó lọ́jọ́ tí wọ́n ń díwọ̀n. Wọ́n ti ilẹ̀kùn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, wọ́n jáde lọ sí pálọ̀, wọ́n sì jókòó sórí ọ̀kan nínú páálí ìwé, nítorí a ti kó àga jọ sí ẹ̀gbẹ́ kan.

Wọ́n béèrè àwọn tí mo kó o fún. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́bàá ẹsẹ̀ wọn, mo ń kà wọ́n. Nígbà tí mo dárúkọ Ìyá Oníbúrẹ́dì, wọ́n gbé orí sókè.

"Búláòsì aláwọ̀ ewé?" wọ́n ní. "Èyí tí bọ́tìnì rẹ̀ wà lẹ́yìn?"

Mo ní ó wà níbẹ̀.

Wọ́n ń fi ọwọ́ ra orúnkún wọn. Wọ́n wá sọ ọ́ fún mi láìgbé ohùn sókè.

"Bọ́tìnì kan já lára rẹ̀, èmi ni mo rán dúdú rọ́pò rẹ̀, nítorí òun náà ni mo rí. Gbogbo ìgbà tí ìyá rẹ bá wọ búláòsì yẹn, èmi ni mo máa ń bá a de ẹ̀yìn. Oṣù tí mo kúrò nílé ìwòsàn, mo rọra lọ ra búrẹ́dì. Mo rí obìnrin kan tó kọ ẹ̀yìn sí mi, mo rí bọ́tìnì dúdú. Mo pe ìyá rẹ lórúkọ láàárín títì, Àkọ́bí. Obìnrin náà yíjú padà, kì í ṣe òun. Mo ní mo ṣì í mú ni. Mo wá sílé, mo sọ fún ara mi pé orí mi ti ń dàrú. Ọdún kan ni mo fi ń ṣọ́ orí ara mi, mi ò jẹ́ kí ẹ mọ̀, kí ẹ má bàa gbé mi lọ sọ́dọ̀ dókítà."

Mo ti kíyè sí i lọ́dún yẹn pé Bàbá ò lọ ra búrẹ́dì mọ́. Mo ti kíyè sí i pé wọ́n ń kọ ohun gbogbo sílẹ̀, ọjọ́, aago, ibi tí wọ́n fi kọ́kọ́rọ́ sí. Orúnkún ni mo pe ti àkọ́kọ́, mo pe èkejì ní àgbà. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, mo ń bẹ̀ wọ́n, mo ní ẹ̀ṣẹ̀ mi ni, mo ní mo rò pé mò ń gbé nǹkan fúyẹ́ fún wọn ni.

"Aṣọ lè lọ," wọ́n ní. "Ṣùgbọ́n o mọ̀ pé òfo ni mò ń ṣọ́, o sì ń wò mí níran."

Wọ́n ní kí n lọ sí ìta ná. Mo lọ jókòó sórí àtẹ̀gùn, ibi tí èmi àti àbúrò mi máa ń jókòó sí tí wọ́n bá bá wa wí. Mo gbọ́ tí wọ́n ń rìn nínú ilé. Mo gbọ́ tí wọ́n fa téèpù. Oòrùn ti kúrò lára ògiri iwájú kí wọ́n tó pè mí.

Ohun tí wọ́n fẹ́ mọ̀ ni bóyá kò kù rárá. Mo ní ó ku ẹyọ kan. Aṣọ iṣẹ́ Màmá ni, búlúù, èyí tí wọ́n máa ń wọ̀ nínú gbọ̀ngàn gọ́ọ̀mù. Kò sẹ́ni tí mo lè fún ní irú aṣọ bẹ́ẹ̀, n kò sì lè sọ ọ́ nù, mo ti ká a sísàlẹ̀ àpótí mi nílé. Wọ́n ní kí n lọ mú un wá. Mo sáré lọ, mo sáré bọ̀, àgbàlagbà bíi tèmi. Nígbà tí mo gbé e fún wọn, wọ́n fi àtàǹpàkò tẹ ibi tí gọ́ọ̀mù ti gbẹ sí lápò rẹ̀. Ó le bí èépá igi. Wọn ò fi í sínú páálí gíga. Páálí ìwé ni wọ́n mú, èyí tó kéré jù, wọ́n fi aṣọ náà sí i, wọ́n sì kọ "Màmá" sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú gbogbo àmì orí rẹ̀. Ṣòkòtò àti kóòtù tiwọn ni a kó sínú páálí gíga kan. Méjì tó kù, wọ́n ní kí n dá wọn padà fún obìnrin tó ni ṣọ́ọ̀bù, pé kò tíì sí ìlà àṣìṣe lára wọn.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn ni wọ́n ní àwọn fẹ́ ra búrẹ́dì. Mo ní kí n lọ rà á wá. Wọ́n ní rárá, àwọn fúnra àwọn ni. A sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn lọ́kọ̀ọ̀kan, ọwọ́ wọn lé èjìká mi. Ìyá Oníbúrẹ́dì dìde nígbà tó rí wa, ojú rẹ̀ ò balẹ̀, nítorí ó rántí ọjọ́ tí Bàbá pè é lórúkọ tí kì í ṣe tiẹ̀. Bàbá kí i, wọ́n bi í bóyá apá òsì búláòsì yẹn ò fún un, nítorí ẹni tó kọ́kọ́ ni ín kì í yé ráhùn nípa rẹ̀. Obìnrin náà wò mí, ó wo Bàbá, ó yé e. Ó ní lóòótọ́ ó fún òun, òun ti tú u, òun sì tún un rán. Ó ní tí Bàbá bá fẹ́, òun á fọ̀ ọ́, òun á dá a padà lọ́la.

"Máa wọ̀ ọ́," ni Bàbá wí. "Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí o bá wọ̀ ọ́ tí o rí mi, kọ́kọ́ pè mí, kí n mọ̀ pé ìwọ ni."

Ó ní òun á pè wọ́n. Ó yan búrẹ́dì tó gbóná jù fún wọn. Bí a ṣe ń padà lọ, Bàbá ò gbé ọwọ́ kúrò léjìká mi.

Ọkọ̀ akẹ́rù dé ní àárọ̀ Sátidé. Àbúrò mi wá, ó sì jẹ́wọ́ tiẹ̀ fún Bàbá nínú yàrá òfo. Mi ò mọ ohun tí wọ́n bára wọn sọ. Nígbà tí wọ́n jáde, ojú àbúrò mi pọ́n, Bàbá sì ń pàṣẹ fún un pé kó má fi ìdí páálí lélẹ̀ kó tó tẹ orúnkún. Nígbà tí ilé ti ṣófo tán, Bàbá rin gbogbo yàrá yíká lẹ́ẹ̀kan. Mo rò pé wọ́n máa sunkún. Wọ́n ní pálọ̀ náà ò tóbi tó bí àwọn ṣe rò.

Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rin, mo yà sọ́dọ̀ wọn kí n tó lọ síbi iṣẹ́. Ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀, ìsàlẹ̀ ni, afẹ́fẹ́ ń wọlé. Bàbá wà níwájú omi ẹ̀rọ, wọ́n ń fọ àwo tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tú nínú ìwé. Aṣọ iṣẹ́ Màmá ló wà lọ́rùn wọn. Apá rẹ̀ mọ ní ìgbọ̀nwọ́ wọn, èjìká rẹ̀ fún. Mo béèrè bóyá kò há wọn. Wọ́n ní ó há, ṣùgbọ́n omi ò ta sí àwọn lára. Mo bọ́ bàtà, mo mú ìnura, mo dúró tì wọ́n, mo ń gba àwo lọ́wọ́ wọn nù.

"Ẹyọ kan ṣoṣo ló fọ́," wọ́n ní lẹ́yìn ìgbà díẹ̀. "Èyí tí ìwọ wé ni."